Ta Ló Ń Gbé Ibẹ̀ Tẹ́lẹ̀? Ọ̀rọ̀ Lẹ́kkí àti Àwa Tí À Ń Múra Àtilọ

Bí a bá jókòó tí à ń sọ̀rọ̀ ibi tí kálukú máa lọ lẹ́yìn agùnbánirọ̀, ibi tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ará wa ni Lẹ́kkí. Wọn kì í tilẹ̀ dárúkọ Èkó mọ́, àfi bí ẹni pé Lẹ́kkí ti kúrò lára Èkó. Àwọn kan á ní ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ lọ̀làjú wà. Àwọn mìíràn á dá wọn lóhùn pé omi ló wà níbẹ̀, pé owó ilé á pa ẹ́ kí omi tó pa ẹ́.

Àríyànjiyàn yìí máa ń rán mi létí àròkọ tí wọ́n fi ń dán wa wò ní girama: "Ìgbé ìlú ńlá sàn ju ìgbé abúlé lọ." A ó ka àǹfààní márùn-ún, a ó ka àléébù márùn-ún, a ó wá kọ "ní ìparí", ó parí náà nìyẹn. Èmi ò ní í kọ irú ẹ̀ lónìí. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ, torí pé inú ìtàn ibì kan ni àǹfààní àti àléébù ibẹ̀ ti ń jáde. Ẹni tí kò mọ ìtàn ilẹ̀ tó ń gbé ló máa ń rò pé ńṣe ni omi ṣàdédé ya wọ yàrá òun.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Kò sí ọmọ Ẹdẹ tó lè bú ẹni tó bá kó lọ síbòmíràn, torí ìlú wa fúnra ẹ̀ kó ni. Ẹdẹ Ilé ni Ẹdẹ àkọ́kọ́, ibùdó tí Ọ̀yọ́ Ilé fi ń ṣọ́ ọ̀nà òwò ní apá ibí. Ibẹ̀ ni ìtàn Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, tí gbogbo wa mọ̀, ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Ogundiran àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti walẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ka igi oṣè tí wọ́n bá níbẹ̀ mọ́ àmì pé àwọn ará Ọ̀yọ́ ló tẹ ibẹ̀ dó. Igi ilẹ̀ ọ̀dàn ni oṣè, kì í ṣe igi igbó tiwa. Ẹni tó ti ọ̀dàn wá ló mú un dání. Ó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún kí ìlú tó ṣí wá síbi tó wà lónìí. Lẹ́yìn náà, ní 1907, ojú irin tó ti Èkó wá dé Òṣogbo, ó sì gba Ẹdẹ kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ lọ wá owó létíkun kò ní í fẹsẹ̀ rìn mọ́. Ká kó lọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àṣà wa ni.

Èkó náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ní àdúgbò tuntun tí gbogbo ayé ń rọ́ lọ. Ní 1867, nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, tí wọ́n fọ́ ilé ìjọsìn tí wọ́n sì lé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì lọ, àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ kan sá wá sí Èkó. Glover tó ń ṣe olórí ìjọba Èkó nígbà náà fún wọn nílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́tta. Èbúté Mẹ́tta ni "ibi tuntun" ìgbà yẹn.

Ọdún gorí ọdún. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó, ó sì ń jà fún bí ọdún mélòó kan. Òun ló mú kí ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ tó ń tún Èkó ṣe sílẹ̀ ní 1928. LEDB ni wọ́n ń pè é. Ìgbìmọ̀ yìí ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé tó fún pọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní 1955, tí wọ́n sì ń kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Peter Marris lọ bá àwọn tí wọ́n kó yìí sọ̀rọ̀, ìwé tó kọ lórí ẹ̀ sì jáde ní 1961. Ohun tó rí yẹ ká gbọ́ lónìí. Ilé tuntun náà mọ́ tónítóní, ó ní ààyè. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò rí oníbàárà mọ́. Ẹbí tó wà nínú agboolé kan fọ́n ká. Owó ọkọ̀ ń jẹ èrè, owó ilé ń jẹ èyí tó kù. Ilé wọn dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ara sì ń ni wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi èyí sẹ́yìn ọkàn yín, a ó padà bá a.

Ó wá kan Lẹ́kkí wàyí. Ilẹ̀ tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Òkun Àtìláńtíìkì wà ní gúúsù ẹ̀, ọ̀sà wà ní àríwá ẹ̀. Ìlú Lẹ́kkí gan-an, ìyẹn ìlú tó ni orúkọ, jìnnà gan-an síbi tí àwọn ọ̀rẹ́ wa ń pè ní Lẹ́kkí. Apá Ìbẹ́jú ló wà, lọ́nà Ẹ̀pẹ́ lọ́hùn-ún. Èyí tí wọ́n ń pè ní Lẹ́kkí Phase 1 fara kan Victoria Island ni. Ìkátẹ̀, Ìlàsàn, Ajíran, Ajah àti Sàngótẹ̀dó wà láàárín. Abúlé apẹja àti alágbọn ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ní ọba, wọ́n ní ojúbọ, wọ́n ní ìtẹ́ òkú. Kì í ṣe ahoro ni ẹnikẹ́ni bá níbẹ̀. Nígbà ìjọba Lateef Jákàńdè, láàárín 1979 sí 1983, ni ìjọba dojú kọ apá ibẹ̀ dáadáa. Ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ là, wọ́n sì kọ́ ilé fún àwọn mẹ̀kúnnù lójú ọ̀nà yẹn, tí wọ́n ń fi orúkọ Jákàńdè pè títí dòní. Ibi tí ọ̀nà bá dé, owó ilẹ̀ á dé.

Ṣùgbọ́n kéèyàn tó dé Lẹ́kkí láti Victoria Island nígbà náà, ó máa gba ẹ̀gbẹ́ Maroko kọjá. Maroko yìí ni ọ̀rọ̀ mi.

Iye èèyàn tí wọ́n máa ń sọ pé ó ń gbé Maroko tó 300,000. Awakọ̀ wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, alágbàfọ̀ àti alásè tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn olówó Ìkòyí àti Victoria Island wà níbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1990, Raji Rasaki, ológun tó jẹ́ gómìnà Èkó, fún wọn ní ọjọ́ méje péré pé kí wọ́n kó ẹrù wọn. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, kátapílà dé, ọlọ́pàá àti sójà tẹ̀ lé e. Nínú òjò oṣù keje ni o. Ọ̀pọ̀ ni kò rí ibi kankan sá sí. Wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí àwọn ilé ìjọba tí iṣẹ́ kò tíì parí lára ẹ̀, bíi ti Ìlàsàn àti Ìkọta.

Kí ni ìjọba sọ pé ó fà á? Wọ́n ní ilẹ̀ Maroko rẹlẹ̀ jù, kò ga ju òkun lọ lọ títí, omi lè bò ó nígbàkigbà. Wọ́n ní ibẹ̀ dọ̀tí. Ó dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èèyàn náà kúrò tán, wọ́n kó iyanrìn dà síbẹ̀, wọ́n gé e ní púlọ́ọ̀tì, àwọn tó lówó lọ́wọ́ sì ń kọ́lé síbẹ̀. Ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ jù fún ìyá alákàrà kò rẹlẹ̀ jù fún báńkì. Wọ́n máa ń ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹwà bù sí Maroko lóòótọ́, àmọ́ àwọn onílé ò sí níbẹ̀ mọ́ láti wò ó.

Àwa tí à ń kàwé kò lè ní a ò gbọ́. Eré Wole Soyinka, The Beatification of Area Boy, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1995, mú àwọn tí wọ́n lé ní Maroko wọ orí ìtàgé. Maroko náà ni Chris Abani fi ṣe ibùdó ìtàn nínú GraceLand tó jáde ní 2004. Ohun mìíràn tún wà tó máa ń yà mí lẹ́nu. Ọdún 1990 yìí kan náà ni wọ́n dá Lekki Conservation Centre sílẹ̀, héktà 78, kí ọ̀bọ, ọ̀nì àti ẹyẹ lè rí ibi gbé. Mi ò bínú sí ọ̀bọ o. Ibẹ̀ dára, ẹni tó bá dé Èkó kó lọ wò ó. Ó kàn jẹ́ pé mo rò ó pé ọdún kan náà ni.

Ẹ má wá rò pé ńṣe ni mo fẹ́ fi ìtàn yìí dẹ́rù bà yín. Lẹ́kkí ní oore, ẹni tó bá sẹ́ ẹ, irọ́ ló ń pa. Iṣẹ́ wà níbẹ̀. Wọ́n dá àgbègbè òwò ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí ní 2006. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣí èbúté ọkọ̀ òkun tó jinlẹ̀ ní oṣù kìíní 2023, ibẹ̀ náà ni ilé ìfọpo Dangote wà, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024. Agbára tí wọ́n kọ́ ọ fún ni kó máa fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́. Irú nǹkan báyìí kò sí l'Ẹ́dẹ. Ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ tàbí ìṣirò owó níhìn-ín, tó ti ń wáṣẹ́ fún ọdún méjì, kí la fẹ́ sọ fún un? Ká ní kó jókòó ti Tìmì? Ó yẹ kó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé Ajah, owó tó ń fi ránṣẹ́ sílé wà lára ohun tí mo fi ń kàwé, torí náà mi ò lè máa fẹnu bu Ajah.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà, agogo mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ ló ń jí, kó lè ṣáájú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Kó tó délé lálẹ́, ọmọ ẹ̀ ti sùn. Nígbà tó fẹ́ gbàlé, owó ọdún méjì ni lánlọ́ọ̀dù béèrè, ti àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n ajẹ́ǹtì ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òfin ilé yíyá tí Èkó ṣe ní 2011 ti sọ pé kí onílé má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejìlá ọdún 2011 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó ní tóògéètì ojú ọ̀nà yẹn, ₦120 fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré. Nígbà tí wọ́n ṣí afárá Lẹ́kkí sí Ìkòyí ní 2013, ₦250 ni tibẹ̀. Ibi tóògéètì yìí náà ni àwọn sójà ti yìnbọn sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ̀hónú hàn ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá 2020. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ni yóò gbọ́ Lẹ́kkí tí kò ní í rántí? Ẹ ṣe ẹ rántí Sùúrùlérè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: owó ọkọ̀ tó ń jẹ èrè, ẹbí tí kò rí ara wọn. Ọ̀rọ̀ 1961 ò tíì gbó.

Èyí tó lágbára jù nínú gbogbo ẹ̀ ni omi. Iyanrìn etíkun wa kì í dúró sójú kan. Ìgbì òkun máa ń gbé e láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, bí òkun ti ń kó lọ ló ń kó òmíràn dé. Láti 1908 ni ìjọba amúnisìn ti ń kó òkúta sínú òkun lẹ́nu èbúté Èkó, wọ́n fi ṣe odi kí ọkọ̀ ńlá lè ráyè wọlé. Odi náà ṣiṣẹ́, Èkó sì di èbúté ńlá. Àmọ́ ó dènà iyanrìn. Iyanrìn ń pọ̀ sí i ní apá ìwọ̀-oòrùn odi, kò sì dé ìlà-oòrùn mọ́, níbi tí Bar Beach wà. Òkun wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach. Ìjọba á da iyanrìn síbẹ̀, òkun á gbà á padà. Wọ́n ṣe é léraléra. Ní oṣù kẹjọ 2012, ìgbì òkun ya wọ Kuramo lóru, ó gbé ilé lọ, ó gbé èèyàn lọ. Ìlú Eko Atlantic tí wọ́n ń kọ́ sórí iyanrìn tí wọ́n dà sínú òkun níbẹ̀ ní odi òkúta tí wọ́n ṣètò pé yóò gùn tó kìlómítà 8.5. Ẹni tó wà lẹ́yìn odi lè sùn. Àwọn ará Okun Alfa, abúlé kan tó wà ní ìlà-oòrùn ibẹ̀, ti ń ké láti ọjọ́ yìí pé òkun ń jẹ ilé àwọn. Ẹ ò rí i pé ìtàn iyanrìn yìí jọ ìtàn Maroko? Bí wọ́n bá dáàbò bo ẹnì kan, ẹni tó wà lápá kejì ló ń sanwó ẹ̀.

Ti òkun nìyẹn. Ti òjò ń bẹ lẹ́yìn. Àbàtà ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ Lẹ́kkí. Iṣẹ́ àbàtà ni kó fa omi òjò mu, kó sì máa fi í ránṣẹ́ sínú ọ̀sà díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá da iyanrìn sí i tí wọ́n fi kọnkéré bò ó, omi yẹn ò ní í torí pé a ti gba C of O kó má wá síbi tó máa ń wá. Ní oṣù keje 2017, òjò rọ̀ débi pé àwọn kan ń fi ọkọ̀ ojú omi kékeré rìn láàárín títì ní Victoria Island, Lẹ́kkí náà sì kún fún omi. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù keje 2024. Láti 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń wó ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi ní apá Ìkọta. Lára ilé tí wọ́n wó, owó ogún ọdún ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. Ilé tó ń dà wó fúnra ẹ̀ náà wà: ní oṣù kẹta 2016, ilé alájà márùn-ún kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Lẹ́kkí wó, ó pa èèyàn tó ju 30 lọ.

Ilẹ̀ tó gbẹ pàápàá lè má jẹ́ tìẹ. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, àwọn ẹbí onílẹ̀ sì ní àwọn ló ni ín. Ẹni tó rà á wà láàárín méjèèjì bíi ẹran tí ìlẹ̀kùn há mọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ le débi pé Èkó ní láti ṣòfin lé e lórí ní 2016. Ní 2024, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ òpópónà etíkun láti Èkó dé Calabar, nǹkan bí 700 kìlómítà, wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìgbafẹ́ létíkun ní apá Oniru. Ẹ wá wò ó, apá ibi tí Maroko wà náà ni. Àwọn tó dé lẹ́yìn 1990 náà gbọ́ ìró kátapílà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni pé ó ti wọ ilé wa. Àwọn ẹbí mi ń jíròrò lọ́wọ́lọ́wọ́ bóyá kí wọ́n ta ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ níhìn-ín, kí wọ́n fi ra ìdajì púlọ́ọ̀tì ní Ìbẹ́jú. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí a ò bá rà á nísinsìnyí, a ò ní í lè rà á mọ́ láéláé. Màmá mi ní ilẹ̀ tí òun lè fẹsẹ̀ rìn dé lòun mọ̀. Wọ́n ní èmi tí mo lọ sí yunifásítì, kí ni mo rí sí i.

Ohun tí mo rí sí i ni mo sọ fún wọn, òun náà ni mo ń sọ fún yín. Ẹ má lọ wo ilẹ̀ náà ní oṣù kejì nígbà tí ajẹ́ǹtì bá fẹ́ mú yín lọ. Ẹ lọ ní oṣù keje, lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, kí ẹ wọ bàtà òjò. Ẹ má bi ajẹ́ǹtì nìkan. Ẹ bi àgbàlagbà apẹja tó bá wà nítòsí pé ibo lomi ń gbà kí wọ́n tó da iyanrìn síbẹ̀. Ẹ mú awọnlẹ̀ tiyín dání, kó lọ wò ó lọ́fíìsì ìjọba bóyá ilẹ̀ náà wà lára èyí tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé. Kí ẹ sì béèrè ta ló ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibo ló wà báyìí, àti bóyá wọ́n san owó ẹ̀ fún un. Bí ẹni tó ń tà á bá dáhùn gbogbo ẹ̀ láìkọsẹ̀, ká tajú mọ́ owó wa, ká rà á. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rín ló fi dáhùn ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, ẹ wọkọ̀ padà wálé. Ilẹ̀ bàbá wa ṣì wà níbẹ̀, omi ò sì gba ibẹ̀ kọjá.